Páìpù Mẹ́sàn-án

Ohùn àwọn ọmọdé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó dé ìdí pọ́ǹpù. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Mẹ́káníìkì tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ti tú orí pọ́ǹpù kúrò, òun àti àwọn géńdé méjì ń fa páìpù irin jáde nínú ihò. Bí ọ̀kan bá ti yọ tán, wọn á tú u kúrò lára ìkejì rẹ̀, wọn á tẹ́ ẹ sórí koríko gbígbẹ, àwọn ọmọ á sì pariwo iye tó kàn. Oṣù Èrèlé ni. Ilẹ̀ ti sán, eruku pupa sì ti bo gbogbo wa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, èyí tí kọngílá fún wa nígbà tó parí iṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mítà 45 ni páìpù wọlẹ̀. Páìpù kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà á mọ̀ pé páìpù 15 nìyẹn.

"Èje! Ẹ̀jọ! Ẹ̀sán!"

Ẹ̀wá kò jáde. Ohun tó tẹ̀lé ẹ̀kẹsàn-án ni sìlíńdà tó máa ń fa omi sókè, ó gbẹ táútáú. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wo ojú ihò bí ẹni tó gbà pé nǹkan ṣì ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, nítorí èmi ni tíṣà rẹ̀, ó ní, "Sà, ṣé ó ti tán ni?"

Ó ti tán. Mítà 27. Ìwé ní 45. Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà? Orúkọ mi ni, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé mi tó ní ìrù gígùn, èyí tí mo ti fi ń ṣe fáàrí láti ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Abúlé wa wà ní Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ abúlé á mọ kọngílá, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí láàárín wa. Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi. Gbogbo abúlé tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ omi fún lóde òní ni wọ́n máa ń ní kó yan irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀: alága, akọ̀wé, akápò, ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kí obìnrin má sì ṣe ṣọ̀wọ́n nínú wọn. WASHCOM lorúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba. Àwa ń pè é ní kọmití omi, àwọn tí kò fẹ́ràn wa sì ń pè wá ní àwọn olówó omi.

Oṣù Ògún ni wọ́n fa pọ́ǹpù lé wa lọ́wọ́. Wọ́n ta kánópì, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Àwọn ènìyàn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fowó sílẹ̀, kọngílá wọ agbádá. Ẹnìkan fi ọwọ́ lé pọ́ǹpù, ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré, omi tú jáde wàà, àwọn obìnrin gbé orin. Wọ́n bu omi sí ife fún mi, mo mu ún, wọ́n yà mí ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan wá bá mi pẹ̀lú fáìlì, ó ní, "Sà, ẹ bá wa fọwọ́ sí ibi." Mo fọwọ́ sí i lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ta ló máa ń ka páìpù lọ́jọ́ ìyàwó?

Ohun tí mi ò rò lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ kánópì ló mọ̀ ọ́n, bí mo bá bi wọ́n léèrè. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Omi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe odò. Inú òkúta tó ti jẹrà àti inú àwọn ìlà tó sán lára òkúta ló máa ń fara pamọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi yẹn á gòkè, kàǹga tí kò jìn pàápàá á kún. Bí ọyẹ́ bá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi lọ sí ibi tí páìpù kúkúrú kò lè tẹ̀ lé e dé. Ní oṣù Ògún, páìpù mítà 27 àti páìpù mítà 45, ọmọ ìyá ni wọ́n. Oṣù Èrèlé ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni. Àwọn ni kọ́kọ́rọ́ pọ́ǹpù wà lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tí omi ká lára tó wọn lágbègbè wa: ẹ̀kọ kò ṣeé dà láìsí omi, ogì kò ṣeé sẹ́. Ìyá kò kàwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé ńlá kan, wọ́n so bíró mọ́ ọn pẹ̀lú òwú, wọ́n sì ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó bá kún, náírà ogún fún kẹ́ẹ̀gì. Bí ìlà bá pé mẹ́wàá, wọn á fi òbìrípo yí i ká. Ọjọ́ kan, ojú ewé kan.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn nígbà tí pọ́ǹpù dákẹ́, mo jókòó sórí òkúta, mo ń ṣí i. Àwọn ojú ewé oṣù Ọ̀wẹwẹ kún bí oko àgbàdo. Ojú ewé kan ní òbìrípo mẹ́sàn-án. Ní Ọ̀pẹ, ó ti di mẹ́fà. Nígbà tí Ṣẹẹrẹ fi máa bẹ̀rẹ̀, òbìrípo mẹ́ta pẹ̀lú ìlà kan tó dá dúró. Lẹ́yìn náà, ìlà mẹ́jọ láìsí òbìrípo rárá. Mo wá kan ojú ewé kan tí ìlà méjì wà lórí rẹ̀, àti ìlà gbọọrọ kan tí wọ́n fà ní ìbú, láti etí dé etí.

Mo ní, "Ìyá, kí lèyí?"

Wọ́n ní, "Ibi tí omi kú sí nìyẹn, tíṣà."

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Mo bá sòbìyà nílé, aràn tí àwọn olóyìnbó ń pè ní Guinea worm. Ẹni tí kò bá tó ogójì ọdún lè má mọ ohun tí mò ń sọ, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ìgbà kan wà ní Ìbàràpá tó jẹ́ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, ìdajì agbo ilé lè má lè rìn. Bàbá mi dùbúlẹ̀ ní àkókò ìkórè, ohun funfun tínrín kan yọrí lára ọrùn ẹsẹ̀ wọn bí òwú, wọ́n fi igi ìṣáná wé e, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń ran òwú, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà á wú, á dà. Ìyá mi gbà pé kò sí ẹni tí sòbìyà kò sí lára rẹ̀, pé bí iṣan ló ṣe wà nínú ara gbogbo ènìyàn, inú ló kàn máa ń bí i jáde lára àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi àbàtà tí bàbá mi mu lóko ní bí ọdún kan ṣáájú ló ń gba ẹsẹ̀ wọn jáde. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn inú omi ló gbé e wọ inú.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní i jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n kà tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lónìí, kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà wà ní ìpínlẹ̀ Enugu, oṣù Bélú ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn ènìyàn máa ń gbóríyìn fún Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, àti Ọ̀gágun Gowon, tó ń rin abúlé dé abúlé nítorí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù lọ ni ẹnìkan ládùúgbò wa tó ní ìwé gbàǹgbà kan. Oṣooṣù ló ń wọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè bóyá ẹ ti gba aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń pín in. Kò béèrè bóyá wọ́n ti da oògùn sí àbàtà. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹsẹ̀ ta ló ń yọ?" Bí ẹ bá sọ pé kò sí, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí i. Orúkọ, ilé, oṣù. Nígbà tó fi máa kù díẹ̀ kó tán, wọ́n ń fún ẹni tó bá wá sọ pé òun rí sòbìyà lówó.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n kà. Wọn ò ka aṣọ, wọn ò ka oògùn, wọn ò ka ìpàdé. Bí aṣọ mílíọ̀nù kan bá jáde, tí ẹsẹ̀ ṣì ń yọ, iṣẹ́ kò tíì parí, kò sì sí ẹni tó lè fi ríbọ́ọ̀nù bò ó mọ́lẹ̀.

Omi kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀ rí. Láti 1981 dé 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún omi àti ìmọ́tótó, pé nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà bá fi máa parí, gbogbo ènìyàn á ti ní i. Ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ni bàbá mi fi ń wé òwú lára ẹsẹ̀. Wọ́n tún ṣe ìlérí mìíràn ní 2000, pé kí 2015 tó pé, àwọn tí kò ní omi tó dára á dín kù sí ìdajì. Ní 2012, wọ́n kéde fún ayé pé ti omi ti bọ́ sí i, ó tiẹ̀ ti bọ́ sí i láti 2010, ọdún márùn-ún ṣáájú àkókò. Mo rántí pé mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì wo kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Irú ibi tí omi ti ń wá ni wọ́n kà: bó bá jẹ́ páìpù, bó bá jẹ́ pọ́ǹpù, bó bá jẹ́ kàǹga tí wọ́n bò dáadáa, ó ti wọ inú ìṣirò. Bóyá ó mọ́, bóyá ó máa ń wà nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ẹ, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ bọ́ sí i rárá.

Ìgbà tí wọ́n wá ṣe ìlérí tuntun ní 2015, èyí tó yẹ kó pé ní 2030, wọ́n yí ìbéèrè padà. Ó ní láti wà nílé ẹni, ó ní láti wà nígbà tí a bá nílò rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní ìdọ̀tí tó ń fa àrùn. Bí wọ́n ṣe béèrè báyìí, iye àwọn tí kò ní i láyé fò sókè, ó lé ní bílíọ̀nù 2. Omi kò gbẹ lójijì o. Ìbéèrè tó dára ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè.

Nílé níbí náà, ìlérí kò wọ́n wa. Ní oṣù Bélú 2018, Ààrẹ Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọdún yí po, ó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí yíyàgbẹ́ sí gbangba dópin kí 2025 tó parí. Ìwádìí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ní 2021 sì sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ló ṣì ń lọ sí ìgbẹ́. 2025 ti wá, ó ti lọ. Ta ni wọ́n pè kó wá jíhìn? Mi ò gbọ́ pé wọ́n pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé ìjọba nìkan ló ń ka ohun tí kò yẹ ní kíkà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́rin, àwọ̀ funfun, ibi ìfọwọ́ níta. Ọ̀gá wa tì í pa. Ìdí? Kó má baà dọ̀tí kí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò tó dé. Àwọn ọmọ ń lọ sẹ́yìn igi káṣù, àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí i pé ó mọ́ tónítóní, wọ́n kọ máàkì sílẹ̀, wọ́n lọ. Inú gbogbo wa dùn. Èmi ni mo di kọ́kọ́rọ́ mú fún wọn lọ́jọ́ náà.

Àjọṣe àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Sanitation and Water for All, ìyẹn ìmọ́tótó àti omi fún gbogbo ènìyàn, ó ti wà láti 2010. Àwọn ìjọba wà níbẹ̀, àwọn tó ń fowó sílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú, àwọn oníṣòwò, àwọn onímọ̀ ìwádìí. Ní 2018, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí olúkúlùkù máa sọ ìlérí tirẹ̀ síta, ìlérí tó ní iye àti ọjọ́, kí ìjọba kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí àwọn yòókù wá so tiwọn mọ́ ọn, kí wọ́n sì máa jíhìn fún ara wọn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa níbi ìpàdé, bàbá àgbẹ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Àáró ni."

Àáró ni lóòótọ́. Lónìí oko mi, lọ́la oko tìrẹ, bí o bá sá lọ́jọ́ tèmi, ìwọ nìkan lo máa kọ ebè rẹ. Kò sí ọlọ́pàá nínú àáró, kò sí ilé ẹjọ́, síbẹ̀ ó ń dúró, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lè fà sẹ́yìn: ọkọ́ rẹ̀ àti apá rẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ bàbá yẹn títí mo fi délé. Nínú àáró omi yìí, kí ló wà lọ́wọ́ abúlé tó lè fà sẹ́yìn? Ẹni tó fowó sílẹ̀ lè dá owó dúró. Ìjọba lè dá ìwé dúró. Kọngílá lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Àwa ńkọ́? Òǹgbẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, kò sì sẹ́ni tí òǹgbẹ ẹlòmíràn ń gbẹ lọ́fun.

Ìgbà tí mo dórí ibùsùn ni mo tó rántí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ohun kan wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Ìbuwọ́lùwé ni. Láìsí i, kọngílá kò lè gba ìyókù owó rẹ̀, ẹni tó fowó sílẹ̀ kò lè kọ ọ́ pé iṣẹ́ parí, ìjọba kò lè fi wá kún iye tó ń kà lórí rédíò. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n nílò lọ́wọ́ wa nìyẹn, mo sì fún wọn láàárín ìṣẹ́jú kan, nínú òjò, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, nítorí pé wọ́n pè mí ní "Sà".

Ìpàdé mìíràn wáyé ní oṣù Igbe. Àyẹ̀wò ọdọọdún ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé àwòrán sára ògiri, iye pọ́ǹpù tí wọ́n gbẹ́, iye tó ń ṣiṣẹ́. Tiwa wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò tí mo ti ń mu omi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Mo rí ojú ara mi lára ògiri tó tóbi bí ilẹ̀kùn, mo ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ní kí n mú àwọn dání. Wọ́n dìde láìgba àyè, wọ́n tú ìwé ìkọ̀wé náà nínú gèlè tí wọ́n fi wé e, wọ́n gbé e sórí tábìlì iwájú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣí i." Òṣìṣẹ́bìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fowó sílẹ̀ ló ṣí i. Ó rọra ń ṣí i, kò sọ nǹkan, títí ó fi dé ojú ewé tó ní ìlà gbọọrọ. Ó béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí. Ìyá ní ọjọ́ kejì ọjà ni. Mo bá wọn túmọ̀ rẹ̀ sí déètì. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya ojú ewé náà ní fọ́tò. Fọ́tò kejì nípa pọ́ǹpù wa nìyẹn, èyí sì sọ òótọ́.

Kọngílá kò bẹ̀rù. Ó gbé fáìlì tirẹ̀ jáde, ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ìwé. "Akọ̀wé yín fọwọ́ sí i pé 45 ni."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ti ń múra àwíjàre sílẹ̀ láti ọjọ́ méjì: pé òjò ń rọ̀, pé wọ́n kán mi lójú, pé tíṣà ni mí, mi ò kọ́ iṣẹ́ omi. Nígbà tí mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mi ò kà á."

Yàrá dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn lókè nìkan là ń gbọ́. Ṣàdédé ni ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lókè tèmi sọ pé òun náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ki páìpù bọlẹ̀. Mọ́tò kò ní epo. Ẹni tó wà lókè tirẹ̀ ní ìwé tí ẹnjiníà kọ lòun tẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́bìnrin yẹn náà gbà pé fọ́tò ni wọ́n ń wò lọ́dọ̀ tiwọn. Ìwé kan, ìbuwọ́lùwé mẹ́rin, kò sí ẹni tó ka páìpù. Àwọn ọmọ pírámárì tó ń pariwo lórí koríko ni wọ́n kọ́kọ́ kà á. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa ìjíhìn láti ọjọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá, ṣùgbọ́n bó ti rí lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣe mọ̀ ọ́n: ẹnìkan á kọ́kọ́ gba ẹ̀bi tirẹ̀, àwọn yòókù kò ní ríbi sá sí mọ́. Bó bá jẹ́ pé mo sọ àwíjàre mi ni, olúkúlùkù á sọ tirẹ̀, a ò bá ṣì jókòó síbẹ̀.

Ní 2009, àwọn tó ń rí sí omi ìgbèríko kó iye jọ láti orílẹ̀-èdè bí ogún ní Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé nínú pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ mẹ́ta, ó lé ní ọ̀kan tí kò ṣiṣẹ́. Mo máa ń ro iye ìwé tó wà lẹ́yìn àwọn pọ́ǹpù wọ̀nyẹn. Kò sí èyí tí wọn kò fọwọ́ sí nínú wọn.

Ó gbà á títí di oṣù Ọ̀wàrà kí kọngílá tó padà wá pẹ̀lú páìpù mẹ́fà. Ihò jìn tó, a dúpẹ́. Páìpù ló jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó sí ìdí ihò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi láti àárọ̀. Wọ́n kà á bó ṣe ń wọlẹ̀, títí dé ẹ̀ẹ́dógún. Omi tú jáde wàà. Òjò ìkẹyìn ọdún ń rọ̀. Ọmọkùnrin kan gbé fáìlì wá bá mi, ó ní, "Sà, ẹ bá wa fọwọ́ sí ibi."

Mo wo Ìyá Ẹlẹ́kọ. Wọ́n ti ra ìwé ìkọ̀wé tuntun. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un kó padà wá ní òpin Ẹrẹ́nà."

Kọngílá ṣèlérí, ó bẹ̀, ó bínú. Díẹ̀ nínú owó rẹ̀ wà tí wọ́n dá dúró di ìgbà tí abúlé bá fọwọ́ sí i, ó sì ní àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, mo mọ̀. Kò rọrùn fún mi. Àwọn kan lábúlé gan-an ní mo ti ya onígbèéraga, pé n óò jẹ́ kí wọ́n má gbẹ́ omi fún wa mọ́ láyé. Wọ́n lè má jẹ̀bi.

Ṣẹẹrẹ ti fẹ́ parí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo wa ti bó. Mo yà ní ìdí pọ́ǹpù lọ́sàn-án yìí, mo ní kí Ìyá jẹ́ kí n wo ìwé. Òbìrípo mẹ́jọ àti ìlà mẹ́rin, oòrùn kò sì tíì wọ̀. Èrèlé kù, Ẹrẹ́nà kù. Ìwé kọngílá wà nínú báàgì mi, láàárín ìwé ìpè orúkọ kíláàsì kẹrin. Fóònù mi ti dún lẹ́ẹ̀mẹta látàárọ̀. Ó tún ti ń pè báyìí.

Mi ò tíì gbé e.